Kókó Ẹ̀yìn Ọrun Ọdẹ́yalé

"A kì í fá kókó ẹ̀yìn ọrun." Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ fá a? Èmi mọ̀ ọ́n, torí pé ará ilé wa ni aláìgbọràn náà.

Ọdẹ́yalé ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ gidi ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn fáàrí ju ẹran àyangbẹ lọ. Nígbà tí oyè olórí ọdẹ kàn án, ó lọ bá Ògúnmọ́dẹdé, arúgbó tó ń gbẹ́ ọrun, pé kó gbẹ́ tuntun fún òun. Àṣà ìlú ni pé ẹni tí yóò jẹ oyè náà yóò fi ọrun rẹ̀ ta ọfà kan lójú gbogbo ọdẹ. Bí ọrun bá kán mọ́ ọn lọ́wọ́, oyè di ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Bàbá arúgbó náà mú igi tó ti wà lórí àjà ilé ìdáná fún ọdún méjì. Inú rẹ̀, ìhà tó kọjú sí ẹni tó ń ta ọfà, ló ń gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ wò, á tún gbẹ́ ẹ. Ní ti ẹ̀yìn rẹ̀, èèpo nìkan ló bó níbẹ̀. Kókó kan yọ gańgan níbẹ̀, Bàbá sì fi í sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi fá nǹkan yìí kúrò. Ó dà bí oówo."

"Oówo kọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka ti yọ, iṣan igi ló rọ̀gbà yí i ká. Bí o bá gé e, o gé iṣan."

"Ojú ayé ńkọ́, Bàbá?"

"Ṣé ojú ayé ni yóò bá ọ ta ọfà ni?"

Ọdẹ́yalé dúpẹ́, ó délé, ó mú ọ̀bẹ. Ó fá kókó náà títí ibẹ̀ fi jọ̀lọ̀, ó sì fi òrí pa á.

Lọ́jọ́ oyè, gbogbo ènìyàn ń yin ọrun náà. Ọdẹ́yalé fi ọfà sí ọsán, okùn ọrun náà, ó fà á. Kò tíì fà á dé etí tí ọrun fi kán sí méjì. Wọ́n ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Èyí kò tilẹ̀ ṣeé fi ṣe ọ̀pá. Àwọn ọdẹ fi ìbínú yíjú sí Bàbá. Ó ṣa igi méjèèjì, ó sì fi ojú ibi tó kán hàn wọ́n: ibi tí ọ̀bẹ ti fá gan-an ni. Oyè bọ́. Ọdẹ́yalé sunkún bí ọmọdé.

Ọdún gorí ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ fún un pé kó lé Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, padà sí oko, nítorí ẹnu rẹ̀ ti mú jù. Bẹ́ẹ̀ Àwẹ̀ró yìí ló ń parí ìjà ilé, òun ló ń jókòó ti aláìsàn. Ọdẹ́yalé wọ yàrá lọ. Ó gbé ọrun kíkán náà tó ti fi pamọ́ wá, ó kó o síwájú wọn.

"A kì í fá kókó ẹ̀yìn ọrun," ló wí.

Àwẹ̀ró kò lọ. Òun ló gbẹ̀bí bàbá bàbá mi.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lé ẹni tí ìwà rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tó jẹ́ òun ló di ilé mú, ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí.