Ẹkùn Mẹ́rin Ti Kú Tán

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wú u, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ní ìṣirò nínú, mo sì mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìṣirò ní ìlú yìí, oorun a máa kun àwọn àgbà, ìtọ̀ a sì máa gbọ̀n àwọn ọ̀dọ́ lójijì. Èmi ni Ọdẹ́sèyè, ọdẹ tí ó ti rí ojú iwin tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn iwin fi máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Ẹ mọ Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́bùnmi ìyàwó mi. Ọlọ́gbọ́n ni. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún ìrònú mọ́. Nígbà tí àwa méjèèjì wọ Igbó Àìwẹ̀yìn, níbi tí igi ti ń sín, tí òkúta sì ń dá a lóhùn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe yìnbọn sí ẹrankẹ́ran tí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lá àlá pé ọwọ́ òun yóò ba ẹran lọ́jọ́ náà. Ó yìnbọn. Ẹran náà fara balẹ̀ rẹ́rìn-ín parí kí ó tó kú, lójú kan náà ni ẹsẹ̀ àna mi wọlẹ̀ ṣinṣin, tí àwọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di èèpo igi láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè.

Ni ẹni tí ó ni igbó bá yọ. Olórí-Mẹ́rin ni orúkọ iwin náà, orí mẹ́rin sì ni ó gbé sórí ọrùn kan ṣoṣo. Ó ní orí kan péré ni ọmọ ènìyàn fi ń wá ire kiri ayé, òun ní mẹ́rin, nítorí náà kò sí ayò tí òun kì í jẹ. Mo wo orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí, n kò rí èyí tí ó ń ronú nínú wọn.

Ó ní kí a ta káàdì. Ẹ má rò pé irú èyí tí àwọn ọmọ yín fi ń fi ọ̀sán ṣòfò ni o. Ewé gbígbẹ méjìlá ni, tí a ya àwòrán sí: Erin mẹ́rin, Ẹkùn mẹ́rin, Asín mẹ́rin. Erin a máa tẹ Ẹkùn pa, Ẹkùn a máa pa Asín jẹ, Asín tí ó kéré tí ó sì ń rùn yẹn a sì máa gba ihò imú wọ inú Erin lọ pa á. Bí irú bá pàdé irú, ọ̀mì ni. Iwin yóò fa ewé kan nínú méjìlá láìwò ó. Èmi ní Erin kan, Ẹkùn kan àti Asín kan lọ́wọ́ tí kì í tán, n ó sì ti yan èyí tí n ó fi kò ó kí ó tó ṣí tirẹ̀. Bí ewé bá tán, tí mo bá jẹ jù ú lọ, mo gba àna mi. Bí ó bá di ọgbọọgba, iwin onílé ni ó jẹ. Bí mo bá sì pàdánù, igi ni àwa méjèèjì.

Èèwọ̀ kan wà nínú ayò náà. Ewé tí wọ́n bá ti ṣí, òkú ni, iwin kì í sì í wo òkú. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí ó jẹ, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a yíjú kúrò, wọn a sọ ewé náà sílẹ̀, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ bí ẹ̀yin náà ṣe ń gbàgbé ìlérí. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Iwin náà ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, kò tíì wo ẹ̀yìn rí.

Ọdẹ́jìnmí pariwo láti inú èèpo rẹ̀ pé asín ni òun rí lójú àlá, pé Asín ni kí n máa fi kò ó. Èmi òmùgọ̀ gbọ́. Ewé kìíní, Ẹkùn. Èkejì, Ẹkùn. Ẹ̀kẹta jẹ́ Erin, mo jẹ ẹyọ kan. Ẹ̀kẹrin tún di Ẹkùn, ìkarùn-ún jẹ́ Asín, a ta ọ̀mì, ẹ̀kẹfà tún jẹ́ Ẹkùn. Iwin jẹ mẹ́rin, èmi jẹ ọ̀kan, èèpo sì ti dé ìbàdí àna mi.

“Ọdẹ́sèyè, ju asín yẹn nù,” ni àna mi wí. “Orí burúkú kò gbọ́ ọṣẹ. Ẹkùn ni ó ń ṣoríire lónìí, òun náà ni yóò tún jáde. Gbé Erin kò ó.”

Orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin iwin náà mì tìtì, wọ́n ní òótọ́ ni ó sọ. Nígbà tí mo rí i pé iwin àti àna mi fi ohùn ṣọ̀kan, ni mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ronú.

Mo wò ó bí ihò ẹmọ́. Ọdẹ tí ó rí ẹmọ́ méjìlá tí wọ́n wọ ihò, tí ó sì rí mẹ́fà tí wọ́n jáde, kì í bi àlá léèrè iye tí ó kù. Ẹkùn mẹ́rin ni ó wọlé, mẹ́rin ni ó ti jáde. Ẹkùn tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ti kú tán. Erin mẹ́ta àti Asín mẹ́ta ni ó kù, Asín mi kò sì ní ọ̀tá mọ́ láyé.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa di igi lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́.”

Mo fi Asín kò ó. Erin jáde, mo jẹ. Asín jáde, ọ̀mì. Erin tún jáde, mo tún jẹ. Iwin ní mẹ́rin, èmi ní mẹ́ta, ewé mẹ́ta ni ó kù: Asín méjì, Erin ẹyọ kan. Bí mo bá jẹ́ ọdẹ onírọ́, n ó ní mo mọ èyí tí ń bọ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá gbé Ẹkùn kalẹ̀, méjì nínú mẹ́ta jẹ́ tèmi, ìkẹta yóò sọ wá di igi. Èèpo ti dé àyà Ọdẹ́jìnmí. Kò gbà mí nímọ̀ràn mọ́, ó kàn ń fi ojú tí ó jọ ti ìyàwó mi wò mí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìṣirò kì í sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún ni. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni ó ń sọ, ẹ̀rù sì di ti ẹni tí yóò ṣe é. Mo gbé Ẹkùn kalẹ̀. Iwin ṣí ewé rẹ̀: Asín ni.

A di mẹ́rin mẹ́rin. Láti ibẹ̀, n kò lè pàdánù mọ́. Mo fi Asín kò ó, Erin jáde. Èyí tí ó gbẹ̀yìn, mo dárúkọ rẹ̀ kí iwin tó fọwọ́ kàn án, mo sì fi Ẹkùn gbé e mì. Mo fi àwọn orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bú ara wọn, èèpo bọ́ kúrò lára àna mi, mo sì mú un wálé.

Kí ni ẹ̀yin ṣe nígbà tí a délé? Ọdẹ́jìnmí ní àlá òun ni ó gbà wá, ẹ sì pa ewúrẹ́ fún un. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé ẹkùn mélòó ni ó kú. N kò bínú. Irọ́ ni, mo bínú gan-an.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí ó lá àlá mìíràn, tí ó padà lọ bá Olórí-Mẹ́rin láti lọ fi káàdì jẹ eyín erin, òun àti asín rẹ̀. Kò tíì dé. Ìyàwó mi ń bu oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ́tọ̀ ní alaalẹ́, ó sì ń dà á nù láàárọ̀.

Nítorí náà, lọ́la ni mò ń lọ. Mo ti ṣírò rẹ̀: bí mo bá ka òkú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá n ó jẹ ìgbà méje nínú mẹ́wàá. Mẹ́ta tí ó kù kò kéré lójú ẹni tí yóò di igi. Ìmọ̀ràn mi fún yín ni pé kí ẹ má ṣe pe òmùgọ̀ ní ọlọ́gbọ́n nítorí pé ó délé, kí ẹ má sì ṣe pe ọlọ́gbọ́n ní òmùgọ̀ nítorí pé kò dé. Bí mo bá mú un bọ̀, ẹ tún pa ewúrẹ́ fún un, ó ti mọ́ ọn lára. Bí n kò bá dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún Ọdẹ́bùnmi pé mo ṣì í kà. Ẹ sọ fún un pé mo kà á pé, mo mọ iye tí ó lòdì sí mi, mo sì lọ.