Ìdí Tí Ìgbẹ́ Ẹyẹlé Fi Funfun Lórí Ère Ìlú

Ìjọba gba ère ìyá àgbà Ẹyẹlé lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, wọn kò sì tọ́jú rẹ̀.

Nígbà láéláé ni, nígbà tí ìgbẹ́ ẹyẹlé ṣì dúdú bí èédú.

Ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Ìyá àgbà Ẹyẹlé fò fún ọjọ́ méje kí ó tó rí odò. Ó padà wá júwe ọ̀nà, ìlú kò sì tú ká. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi òkúta dúdú gbẹ́ ère rẹ̀ sí gbàgede. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbá ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Òbúkọ, akọ̀wé Ọba Erin, mú ìwé àṣẹ dé. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó kà á pé: "Láti òní lọ, ère yìí di ti ìjọba. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba Akọ̀wé," ni Ẹyẹlé wí. "Ta ni yóò wá máa gbá ibẹ̀?"

"Ìjọba ni."

"Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi? Pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

Wọ́n ṣe ọgbà yí ère náà ká. Ó parí síbẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ìtàkùn ti gùn ún dé ọrùn, agbọ́n sì ti kọ́lé sí i létí. Ọmọ Ehoro kan ń kọjá, ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ni òkúta náà. Ìyá rẹ̀ ní òun kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹyẹlé wọra. Omi odò tí ìyá àgbà rí ni Ehoro ń mu lójoojúmọ́. Ẹyẹlé mú ìgbálẹ̀, ó wọ inú ọgbà, ṣùgbọ́n Òbúkọ já ìgbálẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dọ̀tí, Baba."

"Mo wò ó láti fèrèsé ààfin láàárọ̀, mi ò rí nǹkan kan. Ìdọ̀tí tí a kò bá rí láti ààfin, òfin ò kà á sí ìdọ̀tí."

"Bí ẹ bá wá rí i ńkọ́?"

"Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Èmi ni mo kọ òfin náà."

"Ẹ ṣeun, Baba," Ẹyẹlé dáhùn jẹ́jẹ́.

Ó fò lọ sí etí odò níbi tí ẹfun wà, ó sì ń jẹ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ebi ló ń pa yín tó báyìí?"

"Rárá. Iṣẹ́ ìlú ni mo fẹ́ ṣe."

Ó padà wá bà lé orí ère. "Ìyá àgbà, ẹ foríjì mí. Ìwẹ̀ yín ni mò ń wá." Ó yàgbẹ́. Ìgbẹ́ náà funfun báláú, ó ṣàn láti àtàrí dé ẹnu.

Ọba Erin yọjú lójú fèrèsé. "Òbúkọ, kí ló ń tàn lọ́hùn-ún yẹn?"

"Kábíyèsí, ó jọ fìlà."

"Fìlà a máa ṣàn? Kí ni òfin wí?"

Òbúkọ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó pọn omi, ó gé ìtàkùn kí omi lè dé ọrùn. Agbọ́n ta á nímú. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ère ń dán.

"Ó ti mọ́," ó wí. "Máa lọ sílé rẹ."

"Ẹ ṣeun, Baba. Ọ̀la ńkọ́?"

"A óò máa wò ó."

"Láti fèrèsé?"

Ẹyẹlé lọ kó gbogbo ẹbí rẹ̀, gbogbo wọn sì lọ jẹ ẹfun.

Láti ọjọ́ náà ni Òbúkọ kò ti fẹ́ kí omi kan òun mọ́. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ óò gbóòórùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni ìgbẹ́ ẹyẹlé ti funfun, tí wọ́n sì ń bà lé orí ère yòówù tí ìjọba bá ní tòun ni. Wọn kì í bẹ akọ̀wé kankan mọ́.