Fèrèsé Ìyá Ọmọ́lará

Létí ọ̀sà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn apẹja a máa kúrò nílùú lọ kọ́ ilé tí wọn yóò gbé fún oṣù mẹ́rin sórí iyanrìn. Láti ìgbà tí Ìyá Ọmọ́lará ti wọlé ọkọ, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kò bá wọn lọ, nítorí òun ló ń tún àwọ̀n ìdílé ṣe. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, Ọmọ́lará àkọ́bí rẹ̀ sì ti fi àáké kọ́rí pé bí ìyá òun kò bá lè tún àwọ̀n ṣe lọ́dún yìí, kó kúkú jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ yìí ba màmá lẹ́rù gan-an.

Àwọn ará ilé bẹ Akínṣọwọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà pé kó kọ́ ilé tí ìmọ́lẹ̀ yóò kún inú rẹ̀, kí màmá lè rí àwọ̀n tún ṣe. Ọ̀dọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí há gádígádí: ilé aládùúgbò lọ́tùn-ún àti lósì, igi àgbọn lẹ́yìn, omi níwájú.

Màmá pè é láti orí ẹní. “Akínṣọwọ́n, ìsàlẹ̀ ni kó o ṣí fèrèsé mi sí, lọ́gangan orúnkún, kó kọjú sómi.”

Akínṣọwọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gun igi àgbọn, ó wo ọ̀nà tí oòrùn ń gbà, ó sì pariwo látòkè: “Ìyá, òkè nìmọ́lẹ̀ ti ń wá o! Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti rí gbogbo rẹ̀.”

Fèrèsé gbàǹgbà mẹ́ta ló ṣí, gbogbo wọn ga tó àyà rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nínú ilé náà yóò yìn ín. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró tún àwọ̀n ṣe? Màmá jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó fi àwọ̀n kọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá lọ sára ògiri, itan rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó di ojú àwọ̀n mẹ́ta mọ́ra wọn láìmọ̀.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká padà sílé,” ni Ọmọ́lará wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìyá rẹ̀. Omijé bọ́ lójú màmá.

“Ilé yìí mà mọ́lẹ̀ kedere!” ni Akínṣọwọ́n ń tẹnu mọ́.

“Jókòó, ọmọ mi,” ni màmá dá a lóhùn.

Akínṣọwọ́n jókòó tì í. Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ojú tì í. Ó dìde, ó mú ayùn, ó gé ògiri ọparun níhà omi, lọ́gangan orúnkún. Oòrùn tó ń ràn lórí ọ̀sà ta láti ojú omi wọlé, ó tàn sórí àwọ̀n títí dé abẹ́ òrùlé. Ó ti lé lógójì ọdún tí màmá ti ń rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti ojú omi wọlé bẹ́ẹ̀. Ó tú kókó tó dì, ó tún un dì bó ṣe yẹ, ó sì ní kí Ọmọ́lará gbé ẹrù òun sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa á lówe létí ọ̀sà, kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, pé ohun tí àgbà jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.