Ẹkùn àti Ìwo Bàbá Ẹfọ̀n

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀ ọ̀!

Àwẹ̀ró, gbé ẹ̀pà mì kí o tó gbè. Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó bà sórí ìwo Bàbá Ẹfọ̀n.

Ìkookò ń pa àwọn ọmọ Ẹfọ̀n jẹ. Ẹkùn sọ fún agbo Ẹfọ̀n pé, "Ẹ fún mi ní arúgbó kan lọ́dọọdún, kí n gbé ìwo rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà mi. N ó bá yín lé ìkookò. Arúgbó ò kúkú bímọ mọ́." Wọ́n gbà. Ìkookò sá lọ lóòótọ́. Lọ́dún kìíní, Ẹkùn mú ọ̀kan. Lọ́dún kejì, ó mú ọ̀kan. Lọ́dún kẹta, Bàbá Ẹfọ̀n nìkan ló kù nínú àwọn arúgbó, ọ̀gbẹlẹ̀ sì dé. Bí Ẹkùn ṣe wá mú un, àwọn ọmọ figbe ta, wọ́n ń kọrin:

Ta ló mọ̀nà omi?
Jángbálá jùgbú!
Bàbá ló mọ̀nà omi.
Jángbálá jùgbú!

Ẹkùn ní, "Omi lásán? Ẹ tẹ̀lé mi!" Wọ́n rìn fọ́jọ́ mẹ́ta, iyanrìn ni wọ́n ń bá. Ẹkùn ṣubú, ó yọ ahọ́n sílẹ̀. Bàbá fi imú tì í: "Dìde, ọmọ mi, ó kù díẹ̀." Ó kó gbogbo wọn dé ibi omi.

Ẹkùn mumi yó. "Bàbá, ìwo yín ni mo ń wò, n ò wo orí tó rù ú." Látọjọ́ náà, ọ̀fẹ́ ló ń ṣọ́ wọn.

Àlọ́ mi ti mumi, ó ti sùn. Àwẹ̀ró, lọ bomi fún bàbá àgbà rẹ.