Bí Ẹfọ̀n Ṣe Tú Odò Tí Bífà Dí

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ ó!

Àlọ̀ ọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹfọ̀n lórí, àgbà tí ń mumi ṣáájú gbogbo ẹranko.

Bífà, eku ńlá tí ń feyín gé igi, kó igi àti ẹrẹ̀ dí odò. Inú bí Ẹfọ̀n. "Odò baba mi lo ń dè mọ́lẹ̀?"

Lékèélékèé tí ń bá a rìn ní, "Bàbá, mo ti fẹsẹ̀ wọn omi náà. Orúnkún mi ló ń mọ tẹ́lẹ̀; ó ti dé àyà báyìí."

"Ẹsẹ̀ tín-ín-rín yìí ni yóò fi odò baba mi hàn mí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹfọ̀n fìwo tú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bífà tún un dí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kó lọ dí odò mìíràn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, Ẹfọ̀n ń lá ẹrẹ̀. Ó wọ́ dé adágún omi Bífà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá olódò," ni Bífà wí. "Ẹ tò sẹ́yìn àwọn ọ̀pọ̀lọ́."

Ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bá dárin. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ta ló tú odò?

Ẹfọ̀n!

Ta ló lá ẹrẹ̀?

Ẹfọ̀n!

Àgbà wo ló mu gbẹ̀yìn?

Ẹfọ̀n!