Ọjọ́ Tí Agboọlá Gé Okùn

Ní ìlú wa, Òkè-Ìsàró, kò sí ibi tí ènìyàn ń lọ tí kò ní kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ òkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ti ń bọ̀ tí kò ní gun òkè kó tó wọlé. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere la fẹ́ràn jù. Àwọn ará ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí wa kò pé, pé èwo ni ti kẹ̀kẹ́ lórí àpáta. A kì í dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò fi kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Aláǹgbá rí ní àárọ̀ Sátidé, tí atẹ́gùn ń kún inú ẹ̀wù rẹ̀, tí òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà ń kọlù ú nímú, kí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún un?

Èmi Láwuyì ni mo ń kọ ìtàn yìí. Mo ti dàgbà, orúnkún mi kò gba pẹ́dàlì mọ́, adìyẹ ló sì ń sùn lórí kẹ̀kẹ́ mi lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé n kò hùwà dáadáa nínú rẹ̀. Ìlú mìíràn lè ní àwọn ló ni òwe tí mo fẹ́ sọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n sọ tiwọn, tiwa nìyí.

Agboọlá, ọ̀rẹ́ mi, ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú wa nígbà náà. Abẹ́ igi ìyeyè kan nítòsí ilé ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìbírónkẹ́, ń ránṣọ. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ìránṣọ ni Ìbírónkẹ́ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bó bá di Sátidé, á gbé ẹsẹ̀ kan náà lé pẹ́dàlì. Ní ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ni Agboọlá kan kẹ̀kẹ́ fún un. Ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló tú ká kó tó rí ọ̀kan gidi kó jọ nínú wọn, ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Obìnrin mẹ́fà péré ló ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìlú wa, ìyàwó tèmi, Àwẹ̀ró, sì wà lára wọn. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n gùn tó Ìbírónkẹ́.

Ní gbogbo Sátidé, bí ìrì bá ti gbẹ, àwọn méjèèjì á jáde. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò Ẹlẹ́ja, wọ́n á yípo oko kòkó, wọ́n á jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lórí àpáta létí odò, wọ́n á sì gun òkè padà wálé. Bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà míì, èmi àti Àwẹ̀ró á bá wọn lọ. Àárò àwọn Sátidé wọ̀nyẹn ń sọ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. A ò mọ̀ pé ìgbádùn là ń jẹ. A rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Sísọ̀kalẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Aláǹgbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o. Rọ́bà búréèkì ṣọ̀wọ́n nígbà náà, èyí tí a sì ní ti jẹ tán. Ẹ̀ka igi ni àwa yòókù máa ń so mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́, kí ó máa wọ́ nílẹ̀ kí ó sì dẹ eré wa lọ́wọ́. Agboọlá àti Ìbírónkẹ́ kì í so ẹ̀ka. Rọ́bà tó dára kan ṣoṣo tó wà nílé wọn, ara kẹ̀kẹ́ Ìbírónkẹ́ ni Agboọlá fi sí, ó sì fi okùn so ìdí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mọ́ ọrùn kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀. Agboọlá á wà níwájú, á máa yan ọ̀nà láàárín òkúta; Ìbírónkẹ́ á wà lẹ́yìn, á máa tẹ búréèkì fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ń gòkè, okùn kan náà ni ọkọ fi ń fa ìyàwó. Ọdún méje ni wọ́n fi gùn ún bẹ́ẹ̀.

Ìyá Agboọlá, tí a ń pè ní Màmá Àgbà, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ìyàwó ilé onílé ń ru ẹrù lọ sóko, ti ilé òun ń ya eré kiri orí òkè bí ọmọkùnrin, ojú sì ń ti òun láwùjọ ẹgbẹ́. Ní Sátidé tó ń tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde, tọkọtaya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń sáré: láti iwájú ilé ìwé, lọ sí odò Ẹlẹ́ja, kí a sì gun òkè padà. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ìlà ló gba ipò kìíní fún òun àti ẹnì kejì rẹ̀. Lọ́dún kan, Ìbírónkẹ́ ṣubú nínú eré náà, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Màmá Àgbà ní ó tó gẹ́ẹ́.

Nígbà tí eré ọdún kejì ku ọ̀sẹ̀ kan, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Agboọlá, Tíṣà Adégòróyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń wá kẹ̀kẹ́ rà. Mo ti ní kó wá wo ti ìyàwó rẹ. Ó ti fi eyín kan ṣòfò. Kí lẹ fẹ́ kó kán tẹ̀lé e?”

“Màámi, ẹ ṣe sùúrù. Bí a bá gbé ipò kìíní lọ́dún yìí ńkọ́?”

“Bí ẹ bá gbé e, n ó pa ẹnu mi mọ́ títí wọ́n á fi sin mí. Bí ẹ ò bá gbé e, ibi eré gan-an ni kẹ̀kẹ́ yẹn á ti tẹ̀lé Tíṣà lọ.”

“A gbà, Màámi.”

Ìbírónkẹ́ gbọ́ ọ láti ìdí ààrò. Ó jáde wá, ó ń fi ìró nu ọwọ́. “Bàbá Kọ́lápọ̀,” ó ní, “ẹ fi kẹ̀kẹ́ mi ta tẹ́tẹ́, ẹ ò sì bi mí.” Agboọlá rẹ́rìn-ín. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé ta ló tó àwọn.

Èmi ni mo tó wọn. Lọ́dún náà mo dá ọgbọ́n kan: ẹ̀ka tó kéré gan-an ni mo so mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ mi, kí n lè yára. Àwẹ̀ró pariwo pé mo fẹ́ kú. Mo di etí mi. Kí a tó dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ti fi Agboọlá sílẹ̀ tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn.

“Ìyá Kọ́lápọ̀, tú búréèkì!”

“N kò ní tú u. Ọ̀nà ò dára níwájú.”

“Láwuyì ń lọ!”

“Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ibi ìgòkè la ó ti bá a.”

Òótọ́ ló sọ, nítorí kò sí ẹni tó lè bá wọn gun òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ti wọ Agboọlá lórí. Ó fa ọ̀bẹ tó fi ń gé rọ́bà yọ nínú àpò, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gé okùn.

Mo gbọ́ igbe Ìbírónkẹ́. Kí n tó yíjú, Agboọlá ti ré mi kọjá bí òkò. Mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì sí mọ́. Odidi ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ gbogbo ìlú ṣe ti gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ òun kò ní búréèkì. Ọdún méje ló ti fi ń dúró nípa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ti rò pé òun ló ń dá ara òun dúró.

Àárín òkúta etí odò ló bọ́ sí. Nígbà tí a débẹ̀, rímù iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ká, òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú omi, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú.

“Bàbá Tólú, ẹ jẹ́ ká dúró,” Àwẹ̀ró wí.

“Eré là ń sá,” mo dá a lóhùn. “Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.”

A kọjá lọ. Àwẹ̀ró tẹ̀lé mi, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa, Agboọlá ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí àwa méjèèjì ti hu ewú. Ó ní Ìbírónkẹ́ dé, ó sì dúró lórí kẹ̀kẹ́, kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń rí ẹ̀yìn èmi àti Àwẹ̀ró lórí ìgòkè. Agboọlá ní, “Máa lọ. Wọn ò tí ì jìnnà. O mọ òkè gùn ju Láwuyì lọ fíìfíì. Bí táyà tìrẹ bá kan ìlà, ó ti parí, kẹ̀kẹ́ rẹ ò lọ síbì kankan. Máa lọ, màá máa rákò bọ̀.”

Ẹsẹ̀ Ìbírónkẹ́ kan wà lórí pẹ́dàlì, ojú rẹ̀ wà lórí òkè. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Mo fẹ́ lọ o. Gbọ́ ọ dáadáa. Mo fẹ́ lọ. Ìwọ lo gé okùn, èmi kọ́.” Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò pè é ní “ìwọ” rí.

Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ tó ti wú náà, ó ní kó dìde.

“Kẹ̀kẹ́ tèmi ńkọ́?”

“Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹja.”

Ó gbé e jókòó sí ibi ìdẹrù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Láti etí odò dé ìdajì òkè ló fi bú u. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, èémí kò tó fún èébú mọ́, ó dákẹ́. Agboọlá ní ìdákẹ́jẹ́ náà ló dun òun jù. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo máa tiro, ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú, òun náà sì ń tì í. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nìyẹn.

Lókè, wọ́n ti fún mi ní ẹ̀bùn mi, táyà tuntun méjì. Tọkọtaya mẹ́rin yòókù ti dé. Oòrùn ti ga, àwọn kan ti ń ká àga wọn. Màmá Àgbà jókòó lábẹ́ igi ìyeyè ọmọ rẹ̀. Tíṣà Adégòróyè dúró tì í, ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó ti ṣe tán láti gun kẹ̀kẹ́ lọ ilé.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi yọ. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni. Àwọn mìíràn sì gbà á: ọkọ ń tiro, ìyàwó láìwé gèlè, ẹrẹ̀ kún ara wọn, kẹ̀kẹ́ méjì lọ, ẹyọ kan ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú wa. Wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á dúró, Ìbírónkẹ́ á fi etí ìró rẹ̀ nu òógùn ojú ọkọ rẹ̀, Agboọlá á sọ nǹkan sí i létí, wọ́n á tún gbé ẹsẹ̀. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ wa ni ẹ̀rín ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kan ìlà, ẹ̀rín náà ti tán.

Tíṣà lọ bá wọn, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ máà bínú, àdéhùn ni.”

“Ẹ máa gbé e lọ,” Ìbírónkẹ́ wí. Omi dé ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́.

Tíṣà fa kẹ̀kẹ́. Agboọlá tó fara tì í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ku díẹ̀ kó ṣubú. Apá ìyàwó rẹ̀ ló gbà á dúró.

“Tíṣà,” Màmá Àgbà ti dìde, “ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n, Màmá, wọn ò gbé ipò kìíní.”

“Ojú mi ò fọ́. Láwuyì ló gbé e.” Ó yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú táyà méjì lọ́rùn. “Ẹ wo Láwuyì. Àwọn wo ni eré yìí yẹ? Ṣé òun ni, àbí àwọn tó ń bọ̀ yìí?”

Mo wá Àwẹ̀ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò rí i. Ó ti lọ dúró sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Táyà tó wà lọ́rùn mi wá wúwo bí ẹni pé òkúta ló kún inú rẹ̀.

Màmá Àgbà rìn lọ bá wọn, ó ki èjìká rẹ̀ bọ abẹ́ apá kejì ọmọ rẹ̀. “Ìyàwó,” ó ní, “gbé kẹ̀kẹ́ rẹ, ká máa lọ sílé.”

Wọ́n kọjá láàárín wa, àwọn mẹ́ta àti kẹ̀kẹ́ kan, a sì ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀. Ẹ bi ará Òkè-Ìsàró lónìí pé ta ló gba ipò kìíní lọ́dún náà, kò sí ẹni tó máa rántí. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya bá ń jọ kọjá lọ lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn, àgbà tó bá wà níta á wò wọ́n, á sì sọ ohun tí gbogbo wa fojú rí lọ́jọ́ náà: ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni.