Awó Gbọ́ Méjì, Kò Gbọ́ Dín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹni tó bá ń tòògbé kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó má fẹ̀yìn tì mí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí ìrókò, kò bà lórí àràbà. Ó bà lórí Awó, ó fò lọ sọ́dọ̀ Adìẹ, ó sì fi ìyẹ́ gbá Lékèélékèé létí.

Awó àti Adìẹ jẹ́ aládùúgbò lẹ́yìn oko àgbàdo kan. Láyé ìgbà náà, Awó dúdú bí kóró iṣin. Ìyẹ́ kún orí rẹ̀ fọ́fọ́.

Adìẹ a máa ka nǹkan. Ó ń ka ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde, ó tún ń kà wọ́n tí wọ́n bá wọlé. Awó a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí nǹkan rẹ̀ ò pọ̀ ló ń kà á. Ó ní ojú lòun fi ń wọn tòun.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé òǹkà tiwa ní orí, ó ní ìrù. Ẹ gbọ́ méjìdínlógún. Méjì lorí, ogún nìrù. Ẹ mú méjì kúrò nínú ogún, ó parí. Ṣùgbọ́n Awó kò ní sùúrù. Bó bá ti gbọ́ orí, ó ti ń lọ nìyẹn. Kì í dúró gbọ́ ìrù.

Ó wá di ọjọ́ kan, Awó fẹ́ kọ́ ilé tí yóò yé ẹyin sí. Ó bẹ àwọn ẹyẹ lọ́wẹ̀. Adìẹ bá a kà wọ́n, ó ní àwọn méjìdínlógún ló ń bọ̀, kó se oúnjẹ dè wọ́n. Awó gbọ́ méjì. Ó se ẹ̀wà ẹni méjì.

Àwọn ẹyẹ dé. Àparò jẹ tiẹ̀, Àdàbà jẹ tiẹ̀, ìkòkò gbẹ. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń wo ìkòkò, ìkòkò ń wò wọ́n. Nígbà tí ebi dójú ẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ṣa gbogbo èso orí koríko tí Awó fẹ́ fi bo ilé jẹ, wọ́n jẹ koríko mọ́ ọn, wọ́n lọ sílé.

Awó ní alájẹkì ni wọ́n.

"Àwọn méjìdínlógún ni mo wí fún ọ," Adìẹ sọ.

"Méjì ni mo gbọ́," Awó dáhùn. "Ìyókù, mo rò pé o ń húkọ́ ni."

Ẹ̀gà nìkan ló dúró. Ẹ ẹ̀ rí i, ọ̀gá ni nínú ilé kíkọ́. Ó ní kí Awó gé òpó ní ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ó sì lọ wá okùn. Awó gbọ́ mẹ́rin. Kí Ẹ̀gà tó dé, ó ti gé gbogbo òpó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀gà wo òpó, ó wo Awó, ó bi í bóyá èkúté ló fẹ́ kọ́lé fún. Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ.

Ojú ti Awó láti tún bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fi òpó kúkurú náà kọ́lé. Bó bá ń wọlé, gbà! orí rẹ̀ á kọlu àtẹ́rígbà. Bó bá ń jáde, gbà! Kò pẹ́, ìyẹ́ orí rẹ̀ re tán, kókó so sí i ní àtàrí. Ó ní kò burú, ilé náà tutù.

Inú ilé yìí ló yé ẹyin mẹ́sàn-án sí. Ẹyin àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ràn wọn débi pé ó sọ wọ́n lórúkọ kí wọ́n tó ní ojú. Adìẹ sọ fún un pé kó sàba jẹ́ẹ́, pé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọn yóò pa. Awó gbọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì, ó dìde lórí ẹyin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

*Ẹyin mi, ẹ jáde o,*
*Ọjọ́ ti pé!*
*Ìyá yín ti kajọ́ o,*
*Ọjọ́ ti pé!*

Ẹyin kò dáhùn. Ó fi ẹnu kàn wọ́n lára bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ẹyin kò dáhùn. Àyà rẹ̀ já. Ó sunkún lọ sọ́dọ̀ Lékèélékèé tó ní ẹfun nílé.

Lékèélékèé ní bí ẹnu ò bá lè kà, ọwọ́ á kà. Ó po ẹfun mọ́ oje igi kí òjò má baà fọ̀ ọ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí Awó fi í kán tóótó kan síbì kan. Bí òun bá ti ẹ̀yìn màlúù dé, òun á bá a kà á. Awó ní ara òun lòun máa kán an sí, torí òun nìkan ni nǹkan tí òun kì í gbàgbé síbì kankan.

Ilẹ̀ mọ́, ó kán ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sán, kò rántí bóyá òun ti kán tòní. Ó kán òmíràn kó má lọ ṣì í. Òjò ṣú, ó kán ọ̀kan. Ó sín, ó kán ọ̀kan. Ara rẹ̀ kún títí dé abẹ́ apá.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, Lékèélékèé, tí kì í ka ọjọ́ bó bá ti wà lẹ́yìn màlúù, dé. Ó kà á láti ọrùn títí dé ìrù. Ó ka igba, ojú rẹ̀ yí padà.

"Awó," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "igba ọjọ́ ti kọjá. Àwọn ẹyin yìí ti dòbu. Lọ gbé wọn sọnù."

Awó wọlé lọ. Ó ń gbé wọn jáde níkọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn. Ẹ̀kẹta ló gbé dání tí Adìẹ fi dúró sí ojú ọ̀nà.

"Gbé e padà. Ọjọ́ keje lòní. Mo ń kà á láti ilé mi."

"Igba ló wà lára mi."

"Ẹyin ò mọ ẹfun," Adìẹ wí. "Ọjọ́ ni ẹyin mọ̀."

Awó kò gbà á gbọ́. Kò sì lè fojú rí i kí wọ́n fọ́. Ó gbé ẹyin sílẹ̀, ó wọ inú igbó lọ. Adìẹ kó ẹyin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sílé, ó sàba lé wọn. Ó sàba fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n pé géérégé, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Awó gbọ́ ohùn ọmọ níbi tó wà. Ó sáré dé ẹ̀yìn ilé Adìẹ, ojú tì í, ó dúró.

"Ìyá Òròmọ," ó ní, "mélòó ni wọ́n?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, kò béèrè irú ẹ̀ rí.

"Mẹ́sàn-án ni," Adìẹ dáhùn. "Kò sí dín níbẹ̀."

Awó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó lọ sódò láti wẹ ẹfun kúrò kí àwọn ọmọ má baà sá fún un. Ó fọ̀ ọ́, ó họ ọ́, oje ti mú un. Nígbà tó dé, àwọn ọmọ ti ń tẹ̀ lé Adìẹ kiri.

Ìdí nìyẹn tí ara awó fi kún fún tóótó funfun, tí orí rẹ̀ pá, tó sì ní kókó láàárín orí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kó ẹyin awó sábẹ́ adìẹ.

Ibi tí mo ti bá àlọ́ mi ni mo dá a padà sí. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Ó sì ti fẹ́ẹ́ máa gbẹ báyìí. Ẹ tètè bu omi wá.